Rélùwéè Ń Kọjá Lójú Wa, Olúmọ Ò Sì Jìnnà

Àwa tá à ń gbé Òṣòdì mọ ohùn ọkọ̀ ojú irin dáadáa. Bó bá ti fọn fèrè, a ti mọ̀ pé èyí tó ń lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ló ń bọ̀ yẹn. Ó ń kọjá ni o, kì í dúró. Ibùdókọ̀ wà ní Òṣòdì, tuntun ló sì jẹ́, ṣùgbọ́n Red Line tìjọba Èkó ló ń dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi rélùwéè lọ Abẹ́òkúta láti àdúgbò wa, kó yáa kọ́kọ́ wá ọ̀nà dé Agége tàbí Alágomẹ́jì.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń bí wa nínú. Gbogbo ìgbà táwọn àgbà bá ti rí wa nídìí fóònù, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò: “Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ ò mọ ìtàn ilé. Taj Mahal lẹ mọ̀, ẹ ò mọ Olúmọ.” Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ti rí Taj Mahal nínú fíìmù Índíà láìmọye ìgbà, bẹ́ẹ̀ a ò tíì fẹsẹ̀ kan Olúmọ rí. Àmọ́ tí wọ́n bá ní àìnífẹ̀ẹ́ ilé ló fà á, a ò gbà. Ọ̀nà ló fà á.

Ẹ wo báwọn ará Índíà ṣe ṣe tiwọn. Agra ni ọba Shah Jahan kọ́ Taj Mahal sí, nítorí Mumtaz Mahal, ìyàwó rẹ̀ tó kú lọ́dún 1631. Láti Delhi dé ibẹ̀ sún mọ́ 190 kìlómítà. Oríṣiríṣi ọkọ̀ ojú irin ló ń ná ọ̀nà náà, tolówó tòtòṣì sì ń rí èyí tápò rẹ̀ ká. Lọ́dún 2016, wọ́n fi ọ̀kan tó ń jẹ́ Gatimaan Express kún un. Àárọ̀ ló ń kúrò ní Delhi, bíi wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ló ń lò kó tó dé Agra, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń padà. Èyí tó wú wa lórí jù rèé: Taj Mahal kì í ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, Gatimaan náà kì í sì í rìn lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹni tó ṣètò ọkọ̀ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ibi tí èrò ń lọ. Irú ìrònú yẹn là ń wá nílé wa.

Ṣé àwa ò ní irin ni? A ní. Ọdún 1896 làwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ri irin mọ́lẹ̀ láti Èkó, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Ẹrù oko ni wọ́n fẹ́ kó, wọn ò ro ti ẹni tó fẹ́ wo àpáta. Síbẹ̀, Láfẹnwá, nínú ìlú, ni ibùdó wọn wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí rélùwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn, 157 kìlómítà. Wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, pe ibùdó ìlú náà. Ládérìn ni wọ́n kọ́ ọ sí, lẹ́yìn ìlú. Ìkìjà, láàárín ìlú, ni Olúmọ wà.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé a fẹ́ kí rélùwéè gun orí àpáta o. Ní Agra náà, ibùdókọ̀ ò sí lẹ́nu ọ̀nà Taj Mahal. Èèyàn á tún wọ kẹ̀kẹ́. Irú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó kún Òṣòdì yìí náà ni. Ṣebí láti Índíà ni Bajaj àti TVS ti ń wá? A bá wọn ra kẹ̀kẹ́, a ò bá wọn ra ọgbọ́n tí wọ́n fi ń so ìrìnàjò pọ̀.

Kóòdù là ń kọ jẹun, a sì mọ àìsàn yìí dáadáa. Èèyàn lè kọ ètò kọ̀ǹpútà méjì tó dáa, kí ọ̀kan má gbọ́ èdè èkejì. Ẹni tó fẹ́ lò ó ni yóò jìyà. Káàdì Cowry la fi ń wọ Red Line. Bá a bá dé Agége, tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn la máa rà fún ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀, bẹ́ẹ̀ orí irin kan náà làwọn méjèèjì ń rìn! Bá a bá dé Ládérìn, ìnáwó mìíràn tún nìyẹn. Ìgbà mẹ́ta lèèyàn á sanwó kó tó fojú kan àpáta. Àlọ nìkan là ń wí yìí.

Àwọn kan á ní ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà jíjìn ò gbọdọ̀ máa dúró kiri. Ó kúkú ń dúró ní Agége. Òṣòdì ńkọ́, níbi tí ọkọ̀ Ìsọlọ̀, Mushin àti Ìkòròdú ti ń pàdé, tí wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá sí lọ́dún 2019? Bí kò bá yẹ kó dúró níbẹ̀, níbo ló yẹ?

Àwọn mìíràn á ní ta ló yó tó ń wo àpáta. Ẹ bi àwọn ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí Olúmọ, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò yà. Èrò tí kò dé, owó tí kò wọlé ni.

Ohun tó wà lókè yẹn sì ju fọ́tò lọ. Taj Mahal, ọba ló kọ́ ọ fún olólùfẹ́ rẹ̀, ó sì rẹwà. Olúmọ, àwọn tógun lé kúrò nílé ló dáàbò bò. Nígbà táwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ débẹ̀ lọ́dún 1830, abẹ́ òkúta ni wọ́n sá sí. Ihò tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ ṣì wà lára àpáta dòní. Ọmọ Òṣòdì tó bá fọwọ́ kan ihò yẹn lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó máa tún ka ìtàn náà sí i létí mọ́.

Nǹkan mẹ́ta là ń bèèrè. Kí ọkọ̀ Abẹ́òkúta máa dúró ní Òṣòdì láàárọ̀ Sátidé, kó sì tún dúró bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Kí káàdì kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọ̀nà. Kí bọ́ọ̀sì máa dúró de èrò ní Ládérìn, kó gbé wọn dé ẹsẹ̀ Olúmọ. Kò sí èyí tó ní ká ri irin tuntun mọ́lẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ bá wa dá ọkọ̀ yìí dúró ná. Lẹ́yìn náà, ẹ wá bi wá ní ìtàn.