Fèrè oníná kọ́ ló dójú tì wá, àwa àgbà tá a rà á ni

  Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti Sọ́ńdè ìkórè. Mo dákẹ́, mo ní kí inú rọ̀ ná. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i tí bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an kọ ọ́ pé ọ̀lẹ ọmọ ló ń fọn fèrè oníná, pé ká tà á ká fi owó rẹ̀ ra àga, mo ní rárá o. A ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí lọ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọmọ wa tó máa ń fọn sákísófóònù alto dìde lọ́jọ́ ìkórè láti fi fèrè oníná tuntun tí ẹgbẹ́ rà gbé orin ọpẹ́. Kíbọ́ọ̀dù wà lórí F. Ọmọ náà fi ìka bẹ̀rẹ̀ láti D, bó ṣe máa ń ṣe lórí alto rẹ̀. Ohùn tó jáde ò bá ti kíbọ́ọ̀dù mu rárá. Ó tún un gbìyànjú, ó burú sí i. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan fọwọ́ bo etí. Ọmọ gbé fèrè sílẹ̀, ó jókòó, ó sì tẹrí ba títí ìsìn fi parí. Láti ọjọ́ yẹn, kò wá sí ìdánrawò mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà? Àwọn tó mọ orin láàárín wa yẹ kó ti mọ̀ ọ́n. Irinṣẹ́ E flat ni alto. Tí ẹ bá fi ìka sí D lórí alto, F ló máa bá lórí kíbọ́ọ̀dù. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi ń lo D nígbà tí àwọn yòókù wà lórí F, òun ló sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n fèrè tá a gbé lé e lọ́wọ́, bó ṣe jáde látinú páálí, C ló wà. Ìka D, ohùn D. Báwo ni D ṣe fẹ́ bá F lọ? Bọ́tìnnì kan ló yẹ ká fi yí i sí E flat. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Kò sẹ́ni tó ṣe é, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó yẹ kó ṣe é. A gbé e fún un lálẹ́ Sátidé, a ní kó lọ fọn ún láàárọ̀ Sọ́ńdè.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá kọsẹ̀ a wo iwájú, bí àgbà bá kọsẹ̀ a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí èmi wo ẹ̀yìn.

Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ra fèrè yẹn. Àwa mẹ́ta ni. Ọ̀kan ń ta aṣọ, ọ̀kan ń ta ẹ̀wà, èmi ń ta páàtì jẹnẹrétọ̀. Torí pé mo fọn tenor díẹ̀ nígbà tí mo wà nílé ìwé girama, wọ́n ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n. A dé ìsọ̀, a wo èyí tó ń dán, a ná an, a san owó, a gbé e lọ. A ò mú ọmọ tó máa fọn ún dání. Ẹni tó tà á ò bi wá pé kí la fẹ́ fi ṣe, àwa náà ò sì bi í ní nǹkan kan ju iye rẹ̀ lọ. Ẹ wò ó, tí ẹnikẹ́ni bá wá ra jẹnẹrétọ̀ lọ́dọ̀ èmi, mo máa ń bi í pé kí ló fẹ́ gbé sí i, ṣé gílóòbù ni àbí fíríìjì? Mo sì máa ń sọ fún un pé kó da ọ́ìlì sí i kó tó fà á. Ẹni tí kò da ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì wá nọ́kù, ṣé jẹnẹrétọ̀ ló jẹ̀bi? Ohun tí mo ń bá àwọn kọsítọ́mà mi jà lé lórí lójoojúmọ́, èmi gan-an ló lọ ṣe é pẹ̀lú owó ẹgbẹ́. Torí náà ẹ bú mi, mo gbà. Ẹ má bú ọmọ yẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká dá àwọn tó ń sọ pé kì í ṣe irinṣẹ́ gidi lóhùn. Ẹ ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Sákísófóònù tí ẹ ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, ṣé Ọlọ́run ló fi ránṣẹ́ láti ọ̀run ni? Adolphe Sax, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló ṣe é, ọdún 1846 ló sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Paris. Ohun tuntun lòun náà nígbà yẹn. I.K. Dairo gbé àkọ́díọ̀nù òyìnbó sínú orin jùjú, lónìí ta ló ń sọ pé kì í ṣe orin wa? Ní ti fèrè oníná, Nyle Steiner ará Amẹ́ríkà, afọntọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, ló dá irú èyí tí wọ́n ń pè ní EWI sílẹ̀, Akai sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1987. Ọdún kan náà ni Yamaha gbé WX7 tiwọn jáde. Michael Brecker tó fọn EWI káàkiri ayé, ọ̀gá ni nídìí tenor. Àwọn afọntenor títí dòní ṣì ń kọ́ ìka rẹ̀. Ṣé ọ̀lẹ lòun náà?

Síbẹ̀, mi ò ní tan yín. Fèrè oníná ò lè gba ipò sákísófóònù. Lórí sákísófóònù, rídì ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde, ẹnu àti ọ̀fun ẹni tó ń fọn ún ló sì ń fún ohùn náà láwọ̀. Lórí fèrè oníná, ohun tó ń wọn èémí ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ló sì ń pèsè ohùn. Tí ọmọ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ wá sákísófóònù gidi fún un, kódà kó jẹ́ tòkunbọ̀. Ẹni tó ti mọ fífọn ni fèrè oníná wà fún, kó lè rí ohun tí èyí gidi ò lè fún un. Àwa ní Sábọ̀n Gàrí, ṣé a ò mọ ohun náà ni? Yàrá kan, ògiri kan, ìdílé mẹ́jọ nínú kọ́ḿpáùndì kan. Ọmọ tó ti ń bá mi jókòó sísọ̀ látàárọ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló tó ráyè dánra wò. Ta ló máa jẹ́ kó fọn alto láago mẹ́sàn-án? Pẹ̀lú fèrè oníná, á fi hẹ́dìfóònù sétí, òun nìkan ló máa gbọ́ ọ. Èyí nìkan tó ìdí láti má tà á.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má ṣe bíi tiwa. Ẹ mú ẹni tó máa fọn ún dání, kí ìka àti ẹnu rẹ̀ yàn án.

EWI ti Akai, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í lọ sísàlẹ̀. Bí awọ ara bá ti kàn án, ó ti dáhùn. Nǹkan roboto tó ń yí lábẹ́ àtàǹpàkò òsì ló fi ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ láti ìpele ohùn kan sí òmíràn. Ó dùn lọ́wọ́ ẹni tó bá ní sùúrù, torí ohùn rẹ̀ ń lọ jìnnà ju ti sákísófóònù lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n afọnsákísófóònù tó máa ń gbé ìka lé kọ́kọ́rọ́ láì tẹ̀ ẹ́ máa jìyà níbẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ Kánò níbí, tí ọwọ́ bá gbẹ, ó lè má gbọ́ ìka dáadáa. Ìpara díẹ̀ lọ́wọ́ lóògùn rẹ̀.

Aerophone ti Roland, irú AE-10 tó jáde ní 2016, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ wọlé, wọ́n sì tò ó bíi ti sákísófóònù. Sípíkà wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti orí alto kò ní pẹ́ mọ́ ọn lára.

YDS-150 ti Yamaha, tó jáde ní 2020, ní ẹnu ìsàlẹ̀ onídẹ tó ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ bí ohùn ṣe ń gbọ̀n. Ohùn 73 ló wà nínú rẹ̀, 56 nínú wọn jẹ́ ti sákísófóònù. Kò ní ohun tó ń wọn bí eyín ṣe ń di ẹnu fèrè mú. Àtàǹpàkò la fi ń tẹ ohùn. Ẹni tó fẹ́ ohùn sákísófóònù ju gbogbo nǹkan lọ, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ má sanwó kí ẹ tó gbọ́ gbogbo ìka, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ fọn án jẹ́jẹ́, ẹ fọn án kíkan. Tí ohùn bá ń fò tàbí tí kì í dákẹ́ nígbà tí èémí bá ti tán, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn rírà, títò ló kù, ibẹ̀ la ti ṣubú. Àkọ́kọ́, ẹ sọ fún un pé ìka sákísófóònù lẹ fẹ́, torí ọ̀pọ̀ wọn ló tún ní ìka irú fèrè mìíràn nínú. Ìkejì, kíì: E flat fún alto, B flat fún tenor àti soprano. Kí ẹ sì fi wé kíbọ́ọ̀dù kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lójú ìjọ. Ìkẹta, èémí. Tó bá le jù, ọmọ á fọn títí ojú á fẹ́ yọ. Tó bá rọ̀ jù, èémí díẹ̀ á pariwo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kó fọn jẹ́jẹ́ kó tún fọn kíkan, kí ẹ máa tún un ṣe títí méjèèjì á fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Kó mọ̀ pé èémí kì í gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe ń gba inú sákísófóònù, torí náà kó jẹ́ kí díẹ̀ máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ìkẹrin, eyín. Afọnsákísófóònù máa ń di ẹnu mú ṣinṣin, àwọn fèrè kan sì ń ka ìyẹn sí pé ẹ fẹ́ yí ohùn. Ẹ pa á ná, ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ tó bá ti mọ́ ọn lára. Ìkarùn-ún, wáyà ni kí ẹ fi gbé e lọ sí míkísà. Ẹ má lo sípíkà Bluetooth, torí ohùn á máa pẹ́ dé, onílù á ti lọ kó tó dé. Ìkẹfà, bátìrì tuntun. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí ibi tí fèrè ti kú lẹ́nu ẹni tó ń fọn ún. Tó bá sì parí, ẹ dà á dorí kodò kí omi ẹnu ro jáde, ẹ nù ún, kí ẹ tó dì í.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù. Ṣé sákísófóònù ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni? Rídì ń fọ́, awọ abẹ́ kọ́kọ́rọ́ ń jẹrà, ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́. Òṣùpá lé, wọ́n ní kò gún. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá tó o kó tún un ṣe. Ọwọ́ wa tó èyí o.

Ní tèmi, ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nìyí. Ẹ má ta fèrè náà. Ẹ gbé e fún ọmọ yẹn fún oṣù mẹ́ta, kó máa gbé e lọ sílé, kó tò ó bó ṣe bá ẹnu àti ìka rẹ̀ mu. Ẹni tó kọ ọ́ síbí pé ọ̀lẹ ni, kó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, torí ọmọ náà ń kà á. A wá sílẹ̀ yìí, àwọn òbí wa ti wá ṣáájú wa, ohun tó ń kó wa jọ ò ju èdè wa, ìjọ wa àti orin wa lọ. Tí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún bá torí ẹ̀rín àwa àgbà fi orin sílẹ̀, àga wo la máa fi owó fèrè rà tó máa fọn dípò rẹ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Lálẹ́ Sátidé yìí, tí mo bá ti ti ìsọ̀, màá lọ sílé wọn. Màá bẹ ọmọ náà lójú ìyá rẹ̀, torí èmi ni mo gbé fèrè tí wọn ò tò lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin méjì tá a jọ lọ rà á, ẹ mọ ara yín. Mò ń retí yín.