Òróró Wo Ni Ẹ Fẹ́ Fi Sí I?

Ọkọ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lóṣù yìí kì í ṣe tiwa. Ti ẹlẹgbẹ́ wa kan ni, olùkọ́ ìṣirò, ẹni tí ń gbé wa láti Àjàṣẹ́ lọ sí Sákétẹ́ ní òròòwúrọ̀, àwa mẹ́rin nínú ọkọ̀ kan. Prius ni, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ àlòkù tí ń gba èbúté Kútọnù wọlé, tí gbogbo wa ń pè ní « venu de France », bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bẹ́ljíọ̀mù ni ó ti wá. Ó ń lo epo, ó sì ń lo iná mànàmáná. Òun ni wọ́n ń pè ní hybride.

Nínú oṣù kẹta, clim rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹlẹgbẹ́ wa gbé e lọ sí gáráàjì tí ó ti ń tún ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ṣe. Kò tó ààbọ̀ wákàtí tí wọ́n fi fa gáàsì sí i, wọ́n fi òróró díẹ̀ kún un, òtútù sì dé. A dúpẹ́, a sì yìn wọ́n. Lọ́sẹ̀ kejì, iná pupa onígun mẹ́ta tàn níwájú awakọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọkọ̀ náà kọ̀, kò gbéra. Ọjọ́ náà gan-an ni examen blanc ń bẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ wa. Zémidjan ni ó gbé wa dé ibùdókọ̀, taxi ni ó gbé wa dé Sákétẹ́, àwọn ọmọ sì ti dúró dè wá nínú oòrùn, ìwé ìbéèrè ń bẹ nínú àpò wa.

Kí ni ti òróró nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kò gbéra?

Nínú ọkọ̀ tí a mọ̀ láti ìgbà èwe wa, ẹ́ńjìnì ni ó ń yí compresseur, ẹ̀rọ tí ń fún gáàsì pọ̀ kí ó lè kó ooru inú ọkọ̀ jáde. Okùn rọ́bà kan ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá dúró, òtútù dúró. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì hybride a máa sùn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ní oríta, a kò sì lè ní kí èrò máa làágùn títí yóò fi jí. Ìdí nìyí tí Toyota fi fún compresseur ní mótò iná mànàmáná tirẹ̀, láti orí Prius ìran kejì tí ó jáde ní ọdún 2003. Bátìrì ńlá ni ó ń bọ́ ọ, iná rẹ̀ sì lé ní volt 200. Bátìrì ọkọ̀ lásán, volt 12 péré ni. Iná tí ń bẹ nínú ògiri ilé wa, 220.

Nínú compresseur yìí, wáyà mótò, gáàsì àti òróró jọ ń gbé inú àgbá kan náà ni. Òróró náà ń ṣàn láàárín wáyà tí iná wà nínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tí iná lè gbà kọjá. PAG, òróró tí wọ́n ń lò nínú clim ọkọ̀ lásán, kò yẹ ẹ́. POE ni ti Prius. ND-11 ni wọ́n ń kọ sí ara agolo rẹ̀. Bí PAG díẹ̀ bá dàpọ̀ mọ́ ọn, ààbò tí ó wà láàárín iná àti irin ara ọkọ̀ a máa jó rẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń ṣọ́ ààbò náà: bí ó bá rí i pé iná ń jò sára irin, a tan ìkìlọ̀, ó sì lè kọ̀ kí ọkọ̀ má gbéra mọ́. Kò tilẹ̀ di ìgbà tí ènìyàn bá rọ PAG sí i. Rọ́bà manomètre tí wọ́n ti fi fa gáàsì sínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn ti mu òróró wọn sínú. Ìyẹn nìkan lè tó.

Àṣìṣe kejì tún wà níbẹ̀. Gáàsì clim kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ ń mu tán bí epo. Bí ó bá dín, ibì kan ni ó ń jò. Kò sẹ́ni tí ó wá ibẹ̀ rí.

Àwa náà kò mọ́ tán. Bátìrì ńlá Prius ń bẹ lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ni ó sì ń mí, láti ojú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó náà. Bí inú ọkọ̀ bá gbóná, bátìrì gbóná, ooru sì ni ọ̀tá ẹ̀mí rẹ̀. Clim tí a rò pé ìgbádùn ni, bátìrì ń jẹ nínú rẹ̀. Orí ihò náà ni a ń kó àpò ìwé àwọn ọmọ sí ní gbogbo ọdún.

Gáráàjì kejì, ní Kútọnù, ni a ti mọ gbogbo èyí. Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni ọ̀gá ibẹ̀. Bí a ti dé, ọmọ iṣẹ́ kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, mú sípánà, ó fẹ́ tú wáyà compresseur. Ọkọ̀ dákẹ́, ó rò pé ó ti kú. Ọ̀gá rẹ̀ pariwo débi pé sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ èkúté yìí? Danger, haute tension ni wọ́n kọ sí ibẹ̀, ọmọ náà sì fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní CM1. Àwa tí a ń fi èdè Faransé jẹun, a kò tíì fún un ní ọ̀rọ̀ kan tí yóò dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀gá rẹ̀ ni ó fún un: « Wáyà aláwọ̀ ọsàn, ikú ni. Má fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé mo wí. »

Wọ́n ní fífọ̀ kì í sábà kó òróró burúkú náà kúrò tán. Compresseur ni ẹlẹgbẹ́ wa pààrọ̀, pẹ̀lú àwọn páìpù kan. Owó oṣù méjì bá a lọ. Kí ó tó sanwó, a kọ́ ọ pé kí ó bi wọ́n léèrè: òróró wo ni ẹ fẹ́ fi sí i? Ṣé rọ́bà yín mọ́? Níbo ni ó ti ń jò? Ọ̀gá náà kò bínú. Ó gbé agolo jáde, ó ní kí a ka ara rẹ̀ fúnra wa.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ náà, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn, ó yọ prise tí ó gé bátìrì ńlá kúrò lára ọkọ̀, ó sì fi í sínú àpò ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a gbọ́dọ̀ fi dúró, kí iná tí ó kù nínú condensateur tó kú tán. Ọmọ iṣẹ́ náà ni ó ń ṣọ́ aago lórí fóònù rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ wa ń kánjú, ó súnmọ́ ọkọ̀.

« Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn. Ó ku mẹ́fà. »