OJÚ ÌWÉ ẸBÍ: Bí Ọ̀rẹ́ Bá Bi Wá Léèrè



Ní oṣù kìíní ọdún 2025, tẹlifíṣọ̀n Channel 4 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi eré kan hàn tí wọ́n pè ní Brian and Maggie. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rí ni wọ́n fi ṣe é. Brian Walden ti jẹ́ aṣòfin rí kó tó di ẹni tó ń bi àwọn òṣèlú léèrè ọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Maggie ni Ìyáàfin Margaret Thatcher, olórí ìjọba wọn láti 1979 sí 1990. Ẹgbẹ́ òṣèlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, síbẹ̀ ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1989, Nigel Lawson, mínísítà ìṣúná, fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí Alan Walters, olùdámọ̀ràn Ìyáàfin náà. Ní ọjọ́ 29, àwọn ará ilé rí Walden àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójúkojú. Ó bi í pé: bí ẹ bá ti jẹ́ kí Walters lọ, ṣé mínísítà yín kò ní dúró? Ìyáàfin náà yí ọ̀rọ̀ po. Walden tún bi í, ó sì tún bi í. A gbọ́ pé láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹnìkan yóò wí pé, irú ọ̀rẹ́ wo nìyẹn? Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó láti bèèrè, ẹnu ará ìlú ló yá. Bí ó bá fi ìbéèrè dídùn pa ọ̀rẹ́ mọ́, ó ti jí ohun ẹlòmíràn.

Àwa náà rí irú rẹ̀ nílẹ̀ wa, kò tó oṣù márùn-ún sí ìgbà náà. Láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì 1990, ìpàdé ńlá orílẹ̀-èdè wáyé ní òtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo ní Kútọnu. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló ṣe alága. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n gbé e délé wa. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ láti 1972, ìgbà tí Ọ̀gágun Mathieu Kérékou gba ìjọba, ni wọ́n ń sọ síta gbangba. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, Kérékou gba ohun tí ìpàdé pinnu. Ìbò lé e kúrò ní 1991. Ìbò náà ló dá a padà ní 1996. Ìbéèrè tó le kò pa ẹni tó bá lè gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé wa. Ìyàwó bèèrè pé, “Bàbá, owó kajú tí a tà ńkọ́?” Bàbá dáhùn pé, “Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?” Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Akápò ẹgbẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ wa, a sì dákẹ́ nípa ìwé owó títí owó fi tán. Òṣèlú pín aṣọ ní àdúgbò, ojú ń tì wá láti bèèrè kànga tó ṣèlérí níjọ́sí.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìsí ìbínú. Ẹni tí a bá sì bi, kó dáhùn. Kó má sọ olùbéèrè di ọ̀tá.