Iná Kì Í Pa Oògùn Inú Wàrà

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó gbà pé bí wàrà màlúù bá ti hó lórí iná, ewu ti tán. Lóòótọ́, iná a máa pa kòkòrò àrùn, ẹ má sì ṣe dẹ́kun sísè é. Ṣùgbọ́n iná kì í pa oògùn tí a fi tọ́jú màlúù.

Bí ọmú màlúù bá wú, tí wàrà rẹ̀ ń ṣù pọ̀, kòkòrò ni ó sábà máa ń fà á. Staphylococcus aureus wọ́pọ̀ láàrin wọn. Ọ̀pọ̀ darandaran a sì sáré ra abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 1940 ni Edward Abraham àti Ernst Chain, ní Oxford, ti fi hàn pé àwọn kòkòrò kan ní èròjà tí ń ba pẹnisílìnì jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń gbin kòkòrò inú wàrà náà sínú àwo ní ilé àyẹ̀wò, tí a ó to bébà róbótó kéékèèké tí a rẹ sínú oríṣiríṣi oògùn lé e lórí. Oògùn tí apá rẹ̀ bá ká a, àyíká bébà rẹ̀ yóò mọ́ kedere. Èyí tí apá rẹ̀ kò ká a, kòkòrò yóò hù yí i ká. Abẹ́rẹ́ àfojúdíwọ̀n, owó ṣòfò ni!

Títí iye ọjọ́ tí a kọ sára ìgò oògùn yóò fi pé, wàrà màlúù náà kì í ṣe mímu. Ara ọmọ tí ó kọ pẹnisílìnì lè sú, kí ó sì wú. Ẹ rántí pé wàrà màlúù púpọ̀ ni a ń dà pọ̀ sínú igbá kan. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi oníwàrà yín pé: “Ìyá, ǹjẹ́ ẹ gún màlúù kankan lábẹ́rẹ́ láìpẹ́ yìí?” Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dúró di ìgbà tí ọjọ́ oògùn bá pé.