Ọwọ́ Alágídìgbo Kì Í Ṣe Irin

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí òwe bí òwe ni a ń lu agídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ń ronú kan àtàǹpàkò tí ń ta ahọ́n irin orí àpótí náà.

Bí ọmọ tí ń kọ́ ohun èlò orin bá wí pé ọwọ́ ń yún òun, àwọn kan a pè é ní ọ̀lẹ. Wọn a ní bí ó bá pẹ́, ọwọ́ yóò yi. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ a máa mú kí awọ ìka yi. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ọwọ́ yi, ọ̀tọ̀ ni kí ó máa yún.

Níkẹ̀lì wà nínú irin púpọ̀, a sì ń fi í bo ara òmíràn kí ó lè máa dán. Àwọn kan wà tí ara wọn kọ̀ ọ́. Òógùn a máa yọ ọ́ lára irin. Ibi tí ó bá kàn a pọ́n, a sú, a sì máa yún. Nígbà mìíràn, ó di ọjọ́ kejì kí ó tó hàn, ènìyàn kì í sì í fura sí ohun tí ó fà á. Àwọn tí ń fọn fèrè onírin pàápàá lè rí i ní ètè tàbí ní àgbọ̀n. Ara tí ó bá ti kọ̀ ọ́ kì í sábà gbà á mọ́. Nítorí náà, ìfaradà kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Ìdènà rẹ̀ kò ṣòro. Kí a fọ ọwọ́, kí a sì nù ún gbẹ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kí a máa fi aṣọ mímọ́ nu òógùn kúrò lára irin. Kí a yún etí ahọ́n tí ó bá mú títí yóò fi jọ̀lọ̀, kí ó má baà bó awọ. Bí ọwọ́ bá ti ń pọ́n, kí a sinmi; bí kò bá sì lọ, kí a fi han dókítà. Ẹni tí níkẹ̀lì bá ń bá jà lè wá irin tí kò ní in nínú, tàbí ẹnu fèrè tí a fi ike ṣe.

Kò yẹ kí a sọ ohun èlò nù nítorí ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a ba ọwọ́ jẹ́ nítorí ohun èlò. Bí irin bá ṣẹ́, alágbẹ̀dẹ yóò rọ òmíràn. Ta ni yóò rọ ìka?