Owó rẹ́kọ́ọ̀dù Aja: kí lẹ ń rà gan-an?

Kì í ṣe ajá tó ń gbó là ń sọ o. Aja ni àkọlé àwo orin tí Steely Dan, ìyẹn Donald Fagen àti Walter Becker, gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1977. Bí òyìnbó ṣe ń pe Éṣíà ni wọ́n ṣe ń pè é. Orin méje ló wà nínú ẹ̀, jáàsì tí wọ́n pò mọ́ rọ́ọ̀kì. Nínú orin tó ń jẹ́ Aja gan-an, Wayne Shorter ló fọn saksofóònù, Steve Gadd ló lu ìlù. Iṣẹ́ tí Roger Nichols àti àwọn ẹnjiníà yòókù ṣe sí i gba Grammy. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ra sípíkà olówó ńlá, àwo yìí ni wọ́n fi ń dán an wò.

Ní 2023, wọ́n tún un tẹ̀ lóríṣi méjì. Geffen tẹ èyí tó wà fún gbogbo ayé, àwo kan ṣoṣo tó ń yí ní ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan. Analogue Productions tẹ èyí tí wọ́n ń pè ní UHQR: àwo méjì, ìyípo 45, nínú àpótí, dọ́là 150. Bernie Grundman, tó ṣe iṣẹ́ àṣekágbá àwo náà ní 1977, náà ló ṣe é.

Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Èrò tèmi rèé: apá kan owó yẹn, fìsíìsì lẹ fi rà. Apá kejì, ìtàn lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí fìsíìsì. Poro tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lójú rẹ́kọ́ọ̀dù, inú ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń tọ̀ láti etí àwo wá sí àárín. Iye ìyípo kì í yí padà, àmọ́ etí àwo gbòòrò ju inú ẹ̀ lọ. Ní etí, tó fi bíi sẹ̀ntímítà 14.6 jìn sí àárín, poro tó ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tó mítà 0.51. Tó bá ku sẹ̀ntímítà 6 sí àárín, mítà 0.21 péré ló kù. Orin kan náà ni o, àmọ́ ààyè ẹ̀ kò tó ìdajì mọ́. Àwọn ohùn tínrín á wá fún pọ̀, ẹnu abẹ́rẹ́ ò ní lè tọ gbogbo kọ́lọ́kọ̀lọ náà, ohùn á sì máa fọ́. Lórí Aja, Deacon Blues àti Josie, tí wọ́n gbẹ̀yìn lójú àwo kọ̀ọ̀kan, ló ń jìyà ẹ̀ jù.

Ìyípo 45 máa ń sọ 0.21 yẹn di 0.28. Yàtọ̀ síyẹn, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo orin náà. Tẹ́ ẹ bá pín in sójú àwo mẹ́rin, poro ò ní nílò láti wọnú jìnnà. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ di àwo méjì nìyẹn. Kò sí àwàdà níbẹ̀ rárá.

Ìtàn tí mo ní ni pé àwo náà dára torí pé kọ̀ǹpútà ò fọwọ́ kàn án. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2022. Ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù nílùú Phoenix sọ ọ́ síta pé Mobile Fidelity, iléeṣẹ́ tí àwọn aṣòfíntótó fẹ́ràn jù, ti ń fi ẹ̀rọ nọ́ńbà da téèpù kọ kó tó tẹ àwo. Iléeṣẹ́ náà gbà pé òótọ́ ni. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń bú nọ́ńbà sì ń yin àwo wọ̀nyẹn pé ohùn ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a.

Ìwádìí náà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2007, Meyer àti Moran gbé orin tó ga ju ìwọ̀n CD lọ gba inú ẹ̀rọ tó sọ ọ́ di ìwọ̀n CD, láì sọ fún olùgbọ́ ìgbà tí wọ́n ń ṣe é. Nínú ìgbà 554, ìgbà 276 ni wọ́n dá a mọ̀. Ẹni tó ń ju kọ́bọ̀ sókè náà á gbà tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé etí yín ń parọ́ o. Tí ẹlòmíì bá tún orin tò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ìyàtọ̀ ẹ̀ á hàn. Àmọ́ owó táa san àti àpótí táa rí máa ń bá etí gbọ́ orin. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín máa pààrọ̀ méjèèjì láì jẹ́ kẹ́ ẹ rí i, kí ìró wọn dọ́gba, torí èyí tó bá rinlẹ̀ jù ló máa ń dùn jù. Tẹ́ ẹ bá gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, mo gbà fún yín.

Ohun tó wá ká mi lára jù rèé. Àwọn tó tún Aja tẹ̀ sọ pé kò sí ẹ̀rí pé téèpù àkọ́kọ́ ẹ̀ dé iléeṣẹ́ rí, wọ́n gbà pé ó ti ṣègbé. Ẹ̀dà ni wọ́n lò. Téèpù táa bá sì dà kọ sórí téèpù máa ń fi ariwo kún ariwo. Ọ̀pọ̀ téèpù ìgbà yẹn máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, á máa lẹ̀, wọ́n á ní láti yan án lórí iná díẹ̀díẹ̀ kó tó lè kọrin lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀dà nọ́ńbà nìkan lèèyàn lè dà kọ nígbà ẹgbẹ̀rún láì pàdánù nǹkan kan. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà ò gbọdọ̀ sún mọ́ téèpù, orin tó lóun fẹ́ràn gan-an ló ń pa lára.

Tẹ́ ẹ bá lówó ẹ̀, ẹ ra UHQR, ẹ jẹ̀gbádùn yín. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó san dọ́là kan, ẹ béèrè méjì: téèpù wo ni wọ́n lò, ìṣẹ́jú mélòó ló wà lójú àwo kọ̀ọ̀kan? Tí olùtajà ò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó máa gbé àpótí ẹ̀ lọ.