Òfin Fóònù Lórí Ìwakọ̀: Ìmúṣẹ Ló Kù

Awakọ̀ tó ń tẹ fóònù lórí eré ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wéwu, bẹ́ẹ̀ òfin tó yẹ kó dá a lẹ́kun ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 ka títẹ fóònù lórí ìwakọ̀ léèwọ̀. Ewu rẹ̀ kò ṣòro ṣírò: ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń rìn tó mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí awakọ̀ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 5 ka àtẹ̀jíṣẹ́, ọkọ̀ á ti rìn kọjá gígùn pápá bọ́ọ̀lù kí ojú rẹ̀ tó padà sí títì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ewu ìjàǹbá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 4 fún ẹni bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de dídi fóònù mú lórí ìwakọ̀ láti oṣù Kejìlá 2003. Ní 2017, ìtanràn di 200 pọ́ùn àti àmì ẹ̀ṣẹ̀ 6, èyí tó tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 2 tó yege ìdánwò. Ní 2022, fífi fóònù ọwọ́ ya àwòrán lórí ìwakọ̀ náà di ẹ̀ṣẹ̀.

Ìmúṣẹ ló kù díẹ̀ káàtó nílé. Kí àwọn aláṣẹ ìrìnnà fi ẹ̀rọ ayàwòrán sójú òpópó, kí owó ìtanràn máa gba báńkì, kó má gba ọwọ́ òṣìṣẹ́, kí orúkọ arúfin sì hàn nígbà tó bá fẹ́ sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun. Ọkọ̀ ìjọba àti ọkọ̀ èrò ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.